Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn fún Olè Nílé Reino Hautala

Nígbà tí Reino Hautala fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì, àwọn èèyàn rò pé ẹja ni yóò máa pa títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, bí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Etí adágún ńlá ni ìlú wọn wà, ní àríwá Michigan lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn baba ńlá wọn ti wá láti Finland láti wa bàbà nínú ilẹ̀. Bàbà ti tán, ihò ibi tí wọ́n ti ń wà á ti di ibi tí àdán ń sùn, ẹja nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n Reino kò ní ìfẹ́ ẹja. Ohùn èèyàn ló máa ń dẹ.

Àtìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tó máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ìjọba. Bó bá gbá yìnyín dé iwájú ilé arúgbó kan, á pa ọkọ̀, á wọlé lọ mu kọfí, á sì gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì. Àwọn arúgbó á máa sọ̀rọ̀. Wọ́n á sọ nípa ìyanṣẹ́lódì tó pín ìlú sí méjì, nípa òwúrọ̀ tí ilẹ̀ ya bo àwọn awakùsà mọ́lẹ̀, nípa bí àwọn ìyá wọn ṣe ń bímọ nínú ilé ooru tí wọ́n ti ń wẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ló mọ́ jù lọ lágboolé. Àwọn obìnrin á kọrin lédè Finland. Wọ́n á kọ èyí tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, wọ́n á kọ ti òkú, wọ́n á sì kọ èyí tí wọ́n fi ń bú ọ̀gá iléeṣẹ́ níwájú ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé kò gbédè. Kásẹ́ẹ̀tì wá kún yàrá abẹ́ ilé Reino bámúbámú. Ìyàwó rẹ̀ ráhùn ráhùn, ó sú u, ó sì bá ọkùnrin kan lọ sí ìlú mìíràn, ọkùnrin tí kì í gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Reino kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Àwọn arúgbó wọ̀nyẹn ń kú lọ. Bí wọ́n ṣe ń kú ni iyì kásẹ́ẹ̀tì ń ga sí i, nítorí àwọn ọmọ wọn á wá kan ilẹ̀kùn Reino, wọ́n á ní kó jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn baba àwọn díẹ̀. Impi Kangas, opó tó ń dáná ní gbọ̀ngàn ìjọ, kò jẹ́ kí ọdún kan kọjá kó má wá. Ìyá rẹ̀ ti kọrin kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Reino kó tó kú. Impi á jókòó, á ká ọwọ́ lé itan, á gbọ́ orin náà títí dé òpin, á wá mu kọfí rẹ̀ tán, á sì máa lọ láìsọ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni kò rí i kó sunkún.

Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òkúta. Ọ̀rinrin abẹ́ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n. Ohùn ẹni tó pariwo nígbà ayé ẹ̀ wá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú omi. Ìyẹn ló mú kí Reino ra kọ̀ǹpútà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ohùn láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ó sì jókòó ti iṣẹ́ náà ní gbogbo ìgbà òtútù kan, òmíràn tún dé bá a lórí ìjókòó. Nígbà tó parí, ó fúnra ẹ̀ kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì lọ dà wọ́n sí ààtàn ìlú. Ó ní kí ni òun tún ń fi èèpo ṣe nígbà tí òun ti jẹ ẹ̀pà tán.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọlé tọ̀ ọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kan kò ní bẹ̀rù olè, ṣùgbọ́n gbogbo òkú ìlú ti wá wà nínú àpótí kan ṣoṣo lórí tábìlì Reino. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó bá rí nípa fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà. Ó mọ irú èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó mọ èyí tó ń yọ́ wo ohun tí èèyàn ń tẹ̀, ó sì mọ èyí tó burú jù lọ, tó máa ń ti gbogbo ohun tí èèyàn kó pamọ́ pa, tí á sì ní kí olóhun wá fi owó ra kọ́kọ́rọ́. Ó ra ètò tó ń lé wọn, ó sì fi páswọ́ọ̀dù dè é kí ẹnikẹ́ni má baà tú u. Ọdẹ ló máa ń pe ètò yìí. Á ní, "Ọdẹ mi kò gbà fún èyí," bí ẹni pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn.

Ó tún ra díìsì kékeré kan tó ń kó ẹ̀dà àwọn ohùn náà sí. Joelle Beauchamp, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù irin bàbá rẹ̀, bá a sọ̀rọ̀ lórí díìsì yìí. Ó ní kó máa yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ tó bá ti kó ẹ̀dà tán, kó sì lọ tọ́jú ẹ̀ sí ilé ẹlòmíràn.

"Ọ̀gbẹ́ni Hautala, ohun tó bá pa ẹ̀rọ yìí á pa gbogbo ohun tó bá so mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́."

Reino rẹ́rìn-ín. Ó ní yíyọ àti kíkì bọ̀ yẹn, iṣẹ́ ẹni tí kò ní ọdẹ gidi ni. Díìsì náà kò kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àwọn tó ń bójú tó ilé ìkàwé ìlú ní kó wá máa kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ẹ má ṣí lẹ́tà ẹni tẹ́ ò mọ̀. Ẹ má gba ohun ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò rí lójú. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kẹ́ ẹ tún òun ṣe bọ̀ sípò, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Wọ́n ń pè é ní Dókítà, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà. Kò tíì sí ohun kan láyé rẹ̀ tó mú kí àwọn èèyàn jókòó dákẹ́ láti gbọ́ ohùn tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Lempi dé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ìlú Milwaukee ló ti lo ayé rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ kú, ilé rẹ̀ tóbi jù fún un, Reino sì ní kó wá. Bó ṣe wọlé ni ilé náà yí padà. Òórùn búrẹ́dì gba gbogbo yàrá, fèrèsé tí wọn kò ṣí láti ìgbà tí ìyàwó ti lọ ṣí, ọjọ́ Sátidé kan kò sì kọjá kó má dáná sí ilé ooru. Kò tíì pẹ́ tó dé tí òun àti Impi fi di kòríkòsùn. Wọ́n jọ ń dáná ní gbọ̀ngàn, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà lé lórí ni kọ̀ǹpútà. Lempi fẹ́ràn kó máa ta ayò káàdì lórí rẹ̀, ó sì ní àwọn ọ̀rẹ́ ní Milwaukee tí wọ́n jọ ń kọ̀wé síra wọn, pàápàá Shirley, tí wọ́n jọ lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Reino kì í jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ láìdúró sí i lẹ́yìn.

"Kí lo tẹ̀ yẹn?"

"Káàdì ọba pupa ni mo tẹ̀, Dókítà. Mo fẹ́ fi jẹ ayaba."

"Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, Lempi. Tí o bá tẹ ohun tí kò yẹ, gbogbo àwọn èèyàn yìí ló máa lọ."

"Wọ́n ti lọ, Reino. Èmi bá wọn dé ibi ìsìnkú."

Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Reino kì í rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, tí yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé, Reino tan kọ̀ǹpútà. Orúkọ àwọn ohùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Níbi tó ti kọ orúkọ arúgbó kọ̀ọ̀kan sí, lẹ́tà játijàti tí kò ní ìtumọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan, kò ṣí. Ó tẹ òmíràn. Ojú ẹ̀rọ náà ṣú, ọ̀rọ̀ kan sì jáde láti sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí òṣìṣẹ́ báǹkì ṣe ń sọ̀rọ̀, pé wọ́n ti ti gbogbo ohun ìní rẹ̀ pa, pé kó wá sanwó, pé tí kò bá tètè ṣe é wọn á pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́. Ó yára wo díìsì kékeré. Lẹ́tà játijàti ló wà lórí òun náà.

Lempi wà ní kíṣìnnì, ó ń po ìyẹ̀fun. Ohùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi pè é mú kó sáré wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Kí lo ṣí?" ni Reino bi í.

Lempi wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Káàdì ìkíni kan ni. Lánàá. Shirley ló fi ránṣẹ́, ológbò kan ń jó nínú ẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Reino. Ológbò lásán."

"Mo sọ fún ẹ."

"O sọ fún mi."

"Mo sọ fún ẹ lójoojúmọ́ ayé. Gbogbo wọn ló kú lẹ́ẹ̀kan, ìwọ wá pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì."

Lempi dúró síbẹ̀ títí ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ fi gbẹ, ó sì padà sí kíṣìnnì. Búrẹ́dì ọjọ́ náà kò wọ inú iná. Ẹyin ni ohùn. Èyí tó bọ́ lẹ́nu Reino láàárọ̀ yẹn ti fọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kó o.

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà tọ Joelle lọ. Joelle wò ó, ó mi orí. Ó ní kó má sanwó, pé ẹni tó jalè kì í bẹ̀rù láti purọ́, pé wọ́n lè gba owó kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan. Ó ní nígbà mìíràn àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń rí kọ́kọ́rọ́ irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, kó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó tún ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí òun mọ ibi tí nǹkan náà gbà wọlé.

"Má da ara ẹ láàmú," ni Reino wí. "Mo mọ ibi tó gbà wọlé. Inú ilé mi ló ń gbé."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo ìjọ ń mu kọfí ní gbọ̀ngàn, ó dìde sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Kò pariwo. Ó ní àwọn ohùn náà ti lọ, pé àbúrò òun ló ṣí ohun tí kò yẹ kó ṣí, pé òun tọrọ àforíjì lórúkọ ilé Hautala. Lempi jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Impi gbé ìkòkò kọfí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun tábìlì, ó ń bu ún fún olúkúlùkù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Lempi, ó kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Lempi ti na ife rẹ̀ síta. Ó mú un padà díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ láìjẹ́ kó dún.

Kò sí ẹni tó bú u lójú títì. Ìlú wọn kì í ṣe ìlú èébú. Wọ́n kàn ń kí i ní ìkíni tí kò ní ìdúró nínú. Wọn kò pè é síbi ìdáná mọ́. Nílé, Reino ń bá a sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti igi ìdáná, kò kọjá ìyẹn. Lempi fúnra rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi rí i pé àforíjì náà ń bí i nínú, ó sì dákẹ́. Kí yìnyín tó yọ́ tán, ó ní òun ti rí yàrá kan ní ìlú Green Bay, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n jọ lọ síléèwé. Reino kò ní kó lọ. Kò sì ní kó dúró. Láti ojú fèrèsé ló ti ń wò ó bó ṣe ń fa àpótí rẹ̀ lórí yìnyín tó ti di ẹrẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wá, ó sì lọ. Ní ìgbà tí ewé ń wọ́ dànù, Joelle ránṣẹ́ pe Reino. Reino rò pé kọ́kọ́rọ́ ti dé. Ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ìjọ, ó sì lọ.

Kọ́kọ́rọ́ kò tíì dé. Ohun tí Joelle rí yàtọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti dilẹ̀ díẹ̀, ó ní, òun bá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ láti wo ipasẹ̀ olè. Ológbò yẹn, ológbò ni. Káàdì Shirley kò ní àbààwọ́n kankan. Ohun tó ti àwọn ohùn náà pa ti wà nínú ilé kó tó di pé ológbò dé, ó kàn fara pamọ́ ni. Ojú fèrèsé kan tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà ló gbà wọlé, tó sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ ọdẹ ti pé, pé kí wọ́n gba ọdẹ tuntun.

"Ọdẹ yín gidi rí i, Ọ̀gbẹ́ni Hautala," ni Joelle wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Ó dènà fún un. Ẹnì kan ló ní kó kúrò lọ́nà. Páswọ́ọ̀dù ni wọ́n fi pàṣẹ fún un. Ta ló mọ páswọ́ọ̀dù yẹn nílé yín?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu ọmọbìnrin yìí ni gbogbo rẹ̀ ń padà wá sí Reino lọ́kàn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Fèrèsé náà ṣí pẹ̀lú ariwo bíi ti ọkọ̀ panápaná, àmì tó wà lórí rẹ̀ sì jọ àmì ọdẹ rẹ̀ bí ìbejì. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ti ń jẹ ilé lọ. Ó ní ọdẹ méjì kì í gbé inú ilé kan, kó lé ti àtijọ́ kúrò kí tuntun lè wọlé. Àwọn arúgbó rẹ̀ nìkan ni Reino ń rò. Ó tẹ páswọ́ọ̀dù. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ariwo náà dákẹ́, ó jáde lọ bá Lempi ní kíṣìnnì, ó ní kó wá wo ewu tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ilé nínú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé káàdì ni Lempi máa ń ta lórí ẹ̀rọ náà. Lempi ní, "O ṣeun, Dókítà," ó sì gé búrẹ́dì fún un.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráàyè wọ ibẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi la ògiri náà.

Ó bi Joelle bóyá ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni. Joelle ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòun láti sọ. Reino dúpẹ́, ó sì lọ sílé.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé ọjọ́ náà ló gba ọ̀nà Green Bay. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lọ tí òun bá ti to igi ìdáná tán. Ó to igi tán, ó ní títì ń yọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn èèyàn á fọwọ́ kàn án léjìká ní gbọ̀ngàn, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ẹni ló ń ṣeni bẹ́ẹ̀. Ó ń gba pẹ̀lẹ́ náà. Nígbà kan Impi sọ níṣojú rẹ̀ pé òun kò fẹ́ rí Lempi mọ́ títí òun á fi kú, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn pàdé lọ́run pàápàá. Reino wo inú ife kọfí rẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n nínú ìlú yìí ìka tí kò ṣẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹni tó sì ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ tirẹ̀ mu kọfí.

Ohun tó wá lé e jáde nílé kì í ṣe ìwà rere. Àìsùn ni, àti pé kò lè jókòó níbi tí Joelle bá wà. Bó bá rí i ní gbọ̀ngàn, á kúrò níbẹ̀. Ó wá di pé ibi tó lè jókòó sí ní ìlú náà ń dín kù. Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

Yàrá Lempi wà lókè ilé kan nítòsí odò. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ fífọ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì kan, lọ́jọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi. Ọwọ́ rẹ̀ pupa, ó wú. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Fóònù tí obìnrin ilé náà rà fún un ṣì wà nínú páálí, kò ṣí i. Ó ní òun kì í tẹ nǹkankan mọ́, pé bí òun bá fẹ́ tan iná adáná tó ní bọ́tìnnì, òun máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ó fún Reino ní kọfí. Reino sọ ọ́ fún un láìtíì mu. Kò dín ọ̀rọ̀ kù, kò sì ṣe àwáwí. Lempi gbọ́ ọ dé òpin.

"Ta ló tún mọ̀?" ni ó bi í.

"Joelle. Òun ló rí i."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ewé ń wọ́."

Lempi wo ìta. Yìnyín ti bo òrùlé ilé òdìkejì. "Ó ti ń pẹ́ díẹ̀ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Shirley kú lóṣù kẹjọ," ni Lempi wí. "Ṣé o mọ̀?"

Reino kò mọ̀.

"Ọmọ rẹ̀ pè mí. Ó ní ìyá òun ń béèrè mi. Mi ò lọ. Mo ti sọ fún Shirley pé káàdì rẹ̀ ló ba ayé mi jẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó kọ̀wé padà, ó bẹ̀ mí. Ó tún kọ òmíràn, mi ò kà á. Káàdì ológbò, Reino. Ó fi ránṣẹ́ nítorí pé ọjọ́ ìbí mi ni."

Reino ní kó padà wálé. Ó sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní yàrá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, pé gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà.

"Rárá," ni Lempi wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo wà yìí, tí aṣọ kan bá jóná, wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó dárúkọ ẹni. Mi ò mọ̀ pé irú ìyẹn wà. Ó ti wá mọ́ mi lára." Ó gbé ife kọfí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti tutù, ó dà á nù, ó sì bu òmíràn fún un. "Níbi tí o ti dárúkọ mi, lọ dárúkọ ara ẹ níbẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́. Má kọ ọ́, má rán ẹnikẹ́ni. Dìde dúró, kí o sọ ọ́."

Ó ṣe é. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó dìde ní gbọ̀ngàn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, bó ṣe rí nígbà àkọ́kọ́ náà. Ó ní òun ni òun ṣílẹ̀kùn, kì í ṣe Lempi, pé òun ti mọ̀ láti bí ìgbà díẹ̀, òun sì dákẹ́. Ó jókòó.

Àwọn èèyàn wo oúnjẹ iwájú wọn. Ọkùnrin kan wúkọ́. Ẹlòmíràn ní, tóò, ohun tó lọ ti lọ, ẹni yòówù kó fà á, kò lè mú wọn padà. Ó sì ní kí wọ́n gbé bọ́tà wá. Reino rí i pé ọ̀rọ̀ tó ń pa òun láti ọjọ́ yìí kò tó nǹkan lójú ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ti ṣètò ọkàn wọn sórí Lempi, ó sì rẹ̀ wọ́n láti tún un tò.

Impi nìkan ló dìde wá bá a. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí épírọ́ọ̀nù.

"Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi kórìíra obìnrin yẹn," ni ó wí. "Ó gbà mí lágbára, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. O wá sọ fún mi pé mo na gbogbo rẹ̀ sórí ẹni tí kì í ṣe òun. Mi ò ní okun tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ tuntun mọ́, Reino. Ìwọ kò tiẹ̀ lè rí ìkórìíra gbà lọ́wọ́ mi."

Ó padà sí kíṣìnnì. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń fọ àwo.

Nígbà tí Reino délé, ó pe fóònù ilé tí Lempi ń gbé. Obìnrin ilé náà lọ pè é. Reino sọ fún un pé òun ti ṣe é, pé òun dìde dúró, pé òun kò rán ẹnikẹ́ni. Lempi béèrè ohun tí wọ́n wí. Ó ròyìn rẹ̀ fún un, tó fi mọ́ ti ẹni tó ní kí wọ́n gbé bọ́tà wá. Ti Impi nìkan ni kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́, ó ní Impi kò wí púpọ̀.

Lempi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀dùnkún òun ń hó jáde lórí iná, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Reino ṣì gbé tirẹ̀ sétí fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ ariwo tí fóònù máa ń pa nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni ní òdìkejì.